Nípa Máàkì Safurat

Ìrẹsà, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́,
Oṣù Kẹjọ, 1989.

Gàfárù ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà n'Íbàdàn, ṣé iṣẹ́ ọ́fíìsì ń lọ déédéé? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí kò dára nípa rẹ. Ìyá rẹ ń kí ọ, orókún tó ń dùn ún ti ń sàn, àgbàdo wa sì gbó dáadáa lọ́dún yìí.

Lẹ́tà tí o kọ lọ́dún tó kọjá ṣì wà lọ́wọ́ mi. O ní máàkì tí Safurat àbúrò rẹ gbà nínú ìdánwò àbáwọlé kọ́lẹ́ẹ̀jì kéré, àti pé bí wọ́n tilẹ̀ gbà á wọlé, fífèlì ló máa fèlì, kí n jẹ́ kó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Mo ronú sí i títí. Wọ́n ní Kọ̀ǹpútà ló máàkì ìdánwò ọ̀hún, ni mo bá di iṣu mẹ́fà, mo wọkọ̀ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà l'Ọ́yọ̀ọ́, mo ní mo fẹ́ rí Ọ̀gbẹ́ni Kọ̀ǹpútà, kó bá mi tún ìwé ọmọ mi wò. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Tíṣà kan, Abigail lorúkọ rẹ̀, ló fún mi ní àga, tó ṣàlàyé pé ẹ̀rọ ni, kì í jẹ iṣu. Mo bi í pé ẹ̀rọ tí kò mọ Safurat, báwo ló ṣe mọ ohun tó máa ṣe lọ́dún mẹ́ta sí i? Ó ní òun kò ní purọ́ fún mi, ọ̀pọ̀ àwọn tí máàkì wọn ga ló ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n òun ti kọ́ àwọn kan tó fi máàkì ńlá wọlé tí wọn ò ṣí ìwé mọ́, òun sì ti kọ́ àwọn tó rápálá wọlé tí wọ́n wá ṣíwájú gbogbo kíláàsì. Ó ní òun alára, ńṣe lòun rápálá wọlé. Mo gbé iṣu náà fún un.

Gàfárù, ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé kó wọlé, n kò sì sọ fún ọ, má bínú. Safurat ti lo ọdún kan gbáko ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Èsì rẹ̀ jáde lọ́jọ́ Jímọ̀, nínú ọmọ mẹ́rìnlélógójì, ipò kẹrin ló wà. Òun ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, kò fẹ́ kọ ibi ipò kẹrin yẹn, mo ní dandan ni kó kọ ọ́.

Owó páànù tí o fi ránṣẹ́ ni mo fi san owó ilé ìwé rẹ̀. Òjò ń kán sí wa lórí, àmọ́ a ti sún bẹ́ẹ̀dì kúrò níbẹ̀. Jọ̀wọ́ fi owó mìíràn ránṣẹ́, kì í ṣe ti páànù o, ìwé ọdún kejì ni kí a kọ́kọ́ rà.

Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ rẹ, á sì jẹ́ kí ìwọ àti àbúrò rẹ jọ dàgbà nínú ayọ̀. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Mìkáílù.