Fèrèsé Ẹ̀gbẹ́ Maṣíìnì Màmá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tiwa le níbí, ọpẹ́ ni. Ìbéèrè kan ni kò jẹ́ kí n sùn: kí ló dé tó fi yá mi lára láti máa fọ fèrèsé láti oṣù tó kọjá, ju kí n bi ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀ pé kí ló ń rí?

O mọ̀ pé láti ìgbà tí Màmá ti kó wá sọ́dọ̀ mi, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀ ni wọ́n gbé maṣíìnì ìránṣọ wọn sí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n rán apá aṣọ oníbàárà kan wọ́, ni wọ́n bá kọjú ìjà sí fèrèsé mi. "Gíláàsì yìí dọ̀tí! Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nílé nìyí?" Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Ìwé ìròyìn ni mo kọ́kọ́ fi nù ún, bí a ṣe máa ń ṣe ní kékeré. Íǹkì rẹ̀ kàn rá mọ́ férémù funfun ni. Mo mú táwẹ̀lì. Òwú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ gíláàsì bí irun ológbò. Mo gé síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ọkọ mi. Ìyẹn sàn díẹ̀, àmọ́ tí oòrùn bá ti yọ, ìlà-ìlà á hàn. (Ọkọ mi ní òun ṣì ń wọ̀ ọ́. Irọ́ ni.)

Níkẹyìn, mo ra rọ́bà pẹlẹbẹ tó ní èèkù, tí wọ́n fi ń fa omi kúrò lára gíláàsì. Ọṣẹ ìwọ̀nba nínú omi, fóòmù láti fi pa á, rọ́bà láti fi fà á, kéèyàn sì máa nu ẹnu rọ́bà náà kó tó tún fà á. Tí ọṣẹ bá ti pọ̀, òun gan-an ló ń di ìlà. Ti inú, mo máa ń fà á ní ìbú; ti ìta, ní òòró. Bí ìlà bá wá kù, mo ti mọ̀ bóyá inú ló wà tàbí ìta.

Ní Sátidé, gíláàsì náà mọ́ débi pé ẹyẹ kan fẹ́ gba inú ẹ̀ kọjá. Màmá ní ó ṣì dọ̀tí. Mo bi wọ́n pé ṣé ìbú ni ìdọ̀tí ọ̀hún gbà ni àbí òòró. Wọ́n wò ó títí. "Kò gba ibì kankan. Ó dà bí èéfín. Bí mo bá yí orí, ó ń bá mi yí."

Mo ju fóòmù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo jókòó.

Dókítà ojú ti yẹ̀ wọ́n wò. Ó ní nǹkan funfun kan ló ń bo ẹyin ojú méjèèjì, pé iṣẹ́ abẹ á mú un kúrò, bí a ò bá fi falẹ̀. Màmá fárí gá. "Ta ló máa fi ọ̀bẹ kan ojú mi? Tó bá wá fọ́ tán, ṣé ìwọ lo máa bá mi rán aṣọ?" Mi ò jiyàn. Gbogbo ìwé tí mo kà, kò sí èyí tó fọwọ́ sọ̀yà pé kò séwu, mi ò sì fẹ́ tàn wọ́n.

Lánàá, bí mo ṣe ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, wọ́n pè mí. "Sọ fún dókítà rẹ pé mo gbà. Àmọ́ kò gbọdọ̀ fi ìwé ìròyìn nu tèmi o."

Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ náà. Jọ̀ọ́, wá. Wọ́n ní tí wọ́n bá ṣí ojú àwọn, ìwọ làwọn fẹ́ kọ́kọ́ rí.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ wa, kí ojú gbogbo wa máa ríran kalẹ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, afọfèrèsé.

Mo tún rántí: má ra táwẹ̀lì wá o. Ilẹ̀ ti mọ́ báyìí, mo ti pa fìtílà. Mo ń wo gíláàsì náà láti ibi tí mo jókòó sí. Kò sí ìlà kankan lára ẹ̀.