Fọ́tò Ilé Tó Wà Lábẹ́ Omi: Ìgbésí Ayé Bàbá Wa, Jẹ́-Ó-Dákẹ́

Ẹ̀yin ẹbí àti ọ̀rẹ́ tí ẹ fi iṣẹ́ òòjọ́ yín sílẹ̀ wá bá wa dárò, a dúpẹ́, ẹ kú ìrìn. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á sọ irú ẹni tí Bàbá wa jẹ́. Ọdún 1953 ni a bí wọn, ọdún náà gan-an tí omi gba ilé lọ́wọ́ àwọn òbí wọn. Ìjọba ló dí odò láti fi ṣe iná mànàmáná. Odò kún, ó di adágún, ó sì bo ìlú kékeré tí ìran wọn ti ń gbé mọ́lẹ̀. Orí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú nìkan ló ṣẹ́ kù lójú omi. Oyún Bàbá wa wà nínú Ìyá Àgbà nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Àdúgbò tuntun tí ìjọba kọ́ fún àwọn tí omi lé ni a bí Bàbá wa sí, nínú yàrá tí ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Káfíńtà ni bàbá tó bí wọn. Aránṣọ ni Ìyá Àgbà, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ilé tó rì. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bí ibẹ̀ ṣe rí, Ìyá Àgbà á ní ohun tó bá ti lọ ti lọ, wọn á sì tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Omi wá di ọ̀tá. Àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ dé etí odò, abọ́ kékeré ni wọ́n fi ń wẹ̀. Àbúrò Bàbá wa obìnrin ṣì máa ń sọ pé àwọn ti di géńdé kí àwọn tó mọ̀ pé omi lè ju orúnkún lọ.

Bàbá wa wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1959. A kò ní tìtorí pé wọ́n ti lọ kí á parọ́: ìṣirò kò yé wọn rárá. Ṣùgbọ́n ojú wọn mọ nǹkan í wò. Ní ọdún 1967, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ fọ́tò, nígbà tó sì di 1974, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Yàrá méjì ni. Ìjókòó gígùn wà níwájú, pẹ̀lú dígí kan tí wọ́n fi okùn so ìyarun mọ́ kí àwọn oníbàárà má baà gbé e lọ. Yàrá ṣíṣókùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò wà lẹ́yìn, gílóòbù pupa kan ló wà níbẹ̀. Bàbá wa kì í tẹ kámẹ́rà títí ojú oníbàárà á fi balẹ̀. Ẹni tó bá ń fẹnu ṣe yẹ̀yẹ́, tó ń gbé àgbọ̀n sókè, wọn á kàn sọ pé kí ó jẹ́ kí ojú rẹ̀ dákẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Jẹ́-Ó-Dákẹ́.

Màmá wa, tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì, sáré wá ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n. Bàbá wa ní kí wọ́n jẹ́ kí ojú dákẹ́. Màmá wa ní ṣé ère ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ ni, wọ́n bínú jáde láìya fọ́tò. Lọ́jọ́ kejì wọ́n padà wá láti parí ìjà náà. Ìjà yẹn ni wọ́n ń bá bọ̀ títí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1979.

Ní ọdún 2006, Ìyá Àgbà ti ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, ojú wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ ilé yìí dédé wo Bàbá wa, wọ́n ní: "Mo fẹ́ fi ojú mi rí ilé kí n tó lọ."

Ilé wà nísàlẹ̀ adágún, ta ló fẹ́ lọ gbé e wá? Bàbá wa fi oúnjẹ wọn sílẹ̀, wọ́n ní: "Ẹ ó rí i, Màámi."

Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni láti ya òkè ẹ̀yìn ìlú, ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lójú omi, wá fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn bí ẹnu ṣe sọ ọ́. Àbàtà ńlá kan ló wà láàárín ọ̀nà mọ́tò àti ìhà adágún tí òkè náà wà, kùkùté igi inú rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kọjá. Ohun tó lè gba ibẹ̀ ni káyáàkì, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnì kan ń jókòó sínú rẹ̀, tó ń fi àjẹ̀ olójú méjì tù ú. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí kò mọ omi í wẹ̀, bá lọ bẹ olùkọ́ eré ìdárayá kan pé kí ó kọ́ òun. Ọkọ̀ dojú dé títí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà tó bọ́ sómi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ṣì wà nínú àbàtà náà di òní. Màmá wa ní bí Bàbá wa bá kú sómi, àwọn á jí wọn padà kí àwọn lè bá wọn jà. Bàbá wa kọ́ ọkọ̀ náà àti omi wíwẹ̀ títí wọ́n fi mọ méjèèjì.

Ohun tí wọ́n rí nínú àbàtà yẹn kọjá àfẹnusọ. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n máa ń sọ ọ́ fún wa, bí ẹni tó wà nínú ilé ìsìn. Wọ́n ní bí ìkùukùu òwúrọ̀ bá ń ká kúrò, igi á dúró sínú omi láìmì, ọ̀run á wà lókè, ọ̀run á tún wà nísàlẹ̀, èèyàn á sì wà láàárín méjèèjì, kò ní mọ ohun tó máa sọ. Òṣíbàtà á máa là lọ́kọ̀ọ̀kan. Lékeléke á gbéra, òjìji rẹ̀ á bá a gbéra. Síbẹ̀ wọn kò ní tíì tẹ kámẹ́rà. Wọn á gbé àjẹ̀ lé itan, wọn á dúró títí ìgbì tí ọkọ̀ tiwọn dá sílẹ̀ á fi lọ pátápátá, nítorí wọ́n ní èèyàn kò gbọdọ̀ ya àpá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kí ó máa pè é ní iṣẹ́ Ọlọ́run. Lọ́pọ̀ ìgbà, afẹ́fẹ́ á dé kí omi tó dákẹ́, wọn á sì wálé lọ́wọ́ òfo.

Nígbà tí Pásítọ̀ ìjọ wa béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pẹ́ dé ìsìn, Bàbá wa ní kí wọ́n bá àwọn lọ wò ó. Wọ́n fi okùn so káyáàkì kejì mọ́ ti Bàbá wa, Pásítọ̀ sì lọ. Ìwàásù ọ̀sẹ̀ yẹn ló kúrú jù lọ nínú ìtàn ìjọ wa, àwọn ọmọ ìjọ sì bẹ Bàbá wa pé kí wọ́n máa mú Pásítọ̀ lọ lóòrèkóòrè. Láti ọdún 2010, Bàbá wa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní omi wíwẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Fọ́tò àbàtà tí Bàbá wa yà, tí wọ́n kọ́ sí gbọ̀ngàn ìlú, ló sì jẹ́ kí àwọn èèyàn jáwọ́ nínú dída ìdọ̀tí sínú àbàtà.

Gbogbo aráyé ń yin fọ́tò wọ̀nyí, àfi Ìyá Àgbà. Èyíkéyìí tí Bàbá wa bá yà wá láti adágún, Ìyá Àgbà á gbé e sún mọ́ ojú, wọn á gbé e jìnnà, wọn á ní: "Omi lèyí. Ilé mi dà?" Bàbá wa á gba fọ́tò náà, wọn á tún gbé àjẹ̀ wọn jáde. Ó dùn wọ́n wọra. Ojú ìyá ń ṣú sí i lọ́dọọdún, ìlérí sì wà nílẹ̀ láìṣẹ.

Ní ọdún 2015, òjò ńlá kan rọ̀ dá, afẹ́fẹ́ kú pátápátá. Bàbá wa dé iwájú òkè náà, wọ́n gbé àjẹ̀ sílẹ̀, wọ́n dúró. Nígbà tí omi dákẹ́ tán, òkè wà lókè, òkè wà nínú omi, pẹ̀lú gbogbo igi àti àpáta rẹ̀, èèyàn kò lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Wọ́n sọ fún wa pé omijé bọ́ lójú àwọn, àwọn kò sì nù ún, kí ọkọ̀ má baà mì. Wọ́n tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀rẹ́ wọn tó ń ṣe férémù, tí a ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Férémù, kan ìkọ́ sí ìsàlẹ̀ fọ́tò dípò orí. Ẹ má dá a lẹ́bi, àwa tí a gbé e kọ́ sí iwájú ibùsùn Ìyá Àgbà náà kò fura. Màmá wa ló rí i pé lékeléke kan ń fi ẹ̀yìn fò. Ìtìjú mú Bàbá wa, wọ́n gun àga láti yí i padà. Ìyá Àgbà bá na ọwọ́ sókè.

"Fi sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Èyí tó wà nínú omi ni tiwa."

Ìgbà náà ni a wò ó dáadáa. Bí fọ́tò ṣe dorí kodò yẹn, òkè inú omi ló nàró, tó gbé orí sókè, bí yóò ṣe rí lójú ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ ọ̀hún, ní ẹnu ọ̀nà ilé. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ka. Wọ́n fi ibi tí ilé ìdáná wà hàn wá, àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gun òkè, àti ibi tí ìyá tiwọn máa ń dúró sí láti pè wọ́n wálé. Gbogbo ohun tí wọn kò sọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Bàbá wa, wọ́n sọ ọ́ tán lọ́jọ́ yẹn. Bàbá wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, wọ́n ń sunkún, wọn kò sì fi í pamọ́ fún wa. Kí ọdún yẹn tó parí, Ìyá Àgbà sùn, wọn kò jí mọ́.

Bàbá wa ń lọ sójú omi títí di ọdún tó kọjá. Àìsàn ráńpẹ́ ló mú wọn lọ ní ọdún 2024 yìí. Wọ́n fi Màmá wa sílẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ní ìjà àwọn kò tíì parí. Wọ́n fi àbúrò wọn obìnrin sílẹ̀. Wọ́n fi àwa ọmọ sílẹ̀, àkọ́bí obìnrin tó jogún ṣọ́ọ̀bù, èyí ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná, àti àbíkẹ́yìn tó jẹ́ tíṣà. Pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ tí gbogbo wọn mọ omi í wẹ̀.

Bàbá wa, ẹ̀yin tí ẹ fi ilé han ìyá yín, kí Ọlọ́run fi ilé hàn yín. Ìyá yín ti dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń pè yín. Ẹ máa lọ jẹ́ ìpè wọn. Ẹ sùn re o.