Agolo Kọfí Ìyá Wọn

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà
Ìyàwó mi kú ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta. Mi ò kàwé. Ọmọ mi obìnrin, àbíkẹ́yìn, tí mo wá kí ní ìlú òkèèrè yìí, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ní kó má tún un ṣe. Kọfí àárọ̀ yìí – omi ìfọkòkò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Ṣọ́ọ̀bù ìkóríta. Ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Mo dà á sídìí òdòdó wọn. Ọmọ mi ní, "Bàbá, wọ́n á lé wa o." Kí wọ́n lé wa.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje
Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Ọ̀kan jóná. Ọ̀kan ń hó bí ọṣẹ. Ẹ̀kẹta, wọ́n fi yìnyín sí i – wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ọmọ mi ní agolo kọfí tí mo gbé wá láti ilé ńkọ́? Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Ìyá wọn ló yan án, òun ló gún un, ìyẹn ló ṣe kẹ́yìn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Mi ò mu nǹkan kan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá
Onírùngbọ̀n, ẹni tó ń ta kọfí nítòsí ibùdókọ̀, ní kí ọmọ mi bi mí: báwo ni màmá ṣe ń sè é? Òun á gbìyànjú. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi jókòó síwájú ilé, tí mò ń pariwo, "Kọfí dà?" Ìyá wọn á ní, "Baálé, omi ò bẹ̀rù yín, ẹ jẹ́ kó hó." Mi ò dé ìdí ààrò rí. Mo bínú sí Onírùngbọ̀n. Kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá
Mo ṣí agolo. Èmi fúnra mi gbé omi kaná. Ó korò bí ewúro. Kọfí ìyá wọn ni. Ọwọ́ mi ló bà á jẹ́. Ọmọ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló mọ̀ ọ́n sè. Ẹ̀gbẹ́ Màmá ló máa ń jókòó sí." Mo rántí. Èmi ni mo máa ń lé e kúrò níbẹ̀: "Ṣé obìnrin ni ọ́ ni?"

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Ó pé oṣù mẹ́ta lónìí. Àkọ́bí mi, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Àbúrò rẹ á fi ojú ìwé yìí ránṣẹ́ sí ọ. Ààbọ̀ agolo ló kù. Mo ti dé e pa, mò ń gbé e bọ̀. Ìdí ààrò di tìrẹ, àti igi kọfí ẹ̀yìn ilé. Mo lé ọ níbẹ̀ nígbà yẹn, mo ṣìṣe. Sè é. Ẹ̀yìn ilé ni màá jókòó sí. Mi ò ní pariwo.