Mọ́tò Onígi Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Rẹ

Ilé Káfíńtà,
Ara, lọ́nà Èjìgbò.
9-6-1964.

Oyèbọ̀dé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọlọ́run tó gbé ọ dé Ìbàdàn kò ní jẹ́ kí Ìbàdàn gbé ọ mì. Àwa náà wà lórí ìdúró, àfi orúnkún mi tó máa ń ro mí bí òjò bá ṣú, àti ewúrẹ́ ìyá rẹ tó bí mẹ́ta, tó sì jẹ ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìwé tí o ní kí n fọwọ́ sí níwájú akọ̀wé kóòtù ti dé ọwọ́ mi. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Tíṣà Matthias ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ọmọ mi, wọ́n rẹ́ ọ jẹ! Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún 1940 ni mo bí ọ. Ní 1940 o ti ń lé adìẹ kiri, o ti ń jí ìṣó mi. Fadékẹ́mi àbúrò rẹ, 1938 ni, ìjọba wá sọ ọ́ di àbúrò àbúrò rẹ. Nígbà tí òun náà gbọ́, ó ní láti òní lọ kí o máa dọ̀bálẹ̀ kí òun. Mo bá a wí. O ní kí n má bi ẹnikẹ́ni léèrè, kí n kàn fọwọ́ sí i kíákíá. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù wọn ló ń bà ọ́. Ta ni yóò sì fi ọmọdé jọ̀gá níbi tí àgbà wà? Bóyá ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gbé ọ sókè láti ọdún méjì.

N kò fọwọ́ sí i. Mo gun àkàbà dé àjà, mo gbé mọ́tò onígi rẹ wálẹ̀, èyí tí mo fi àjẹkù pákó ìrókò kàn ní ọjọ́ ìkómọ rẹ bí mo ti ṣe fún ẹ̀yin márààrún, tí táyà rẹ̀ jẹ́ ìdérí agolo, tí mo fi irin gbígbóná kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé OYÈBỌ̀DÉ, 14-3-1936. Ìyá rẹ sunkún. Ó ní bí àárò rẹ bá ń sọ òun, òun a máa gbé e sórí ẹsẹ̀, òun a máa yí táyà rẹ̀, kí ló wá kù fún òun báyìí? Omi bọ́ lójú èmi náà, ṣùgbọ́n ọlá ọmọ ju mọ́tò lọ.

Mo dì í sínú àpò sìmẹ́ǹtì, mo kọ lẹ́tà tì í, mo fi rán Jímọ́ọ̀ dírẹ́bà sí Ọ̀gbẹ́ni Dúrójaiyé ọ̀gá rẹ. N kò fi rán an sí ọ, nítorí onítìjú ni ọ́, o lè máà jà fún ẹ̀tọ́ rẹ.

Jímọ́ọ̀ dé lánàá. Ó ní ọ̀gá rẹ wo abẹ́ mọ́tò náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó pe àwọn ọ̀gá méjì mìíràn, wọ́n gbé fáìlì rẹ wá, wọ́n gbé e tì í. Wọ́n ní irú ẹ̀rí tí àwọn ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Ó ní kí Jímọ́ọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gidigidi, pé bàbá olóòótọ́ ṣọ̀wọ́n. Ó wá ti mọ́tò mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ọkàn ìyá rẹ sì balẹ̀ díẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ fún ọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á pè ọ́ wọlé ní Mọ́ńdè, ṣùgbọ́n n kò lè pa irú ayọ̀ yìí mọ́ra.

Wọ kóòtù rẹ tó dára jù lọ. Bí owó ipò tuntun náà bá ti dé, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ayùn, kí n sì fi rẹ́ ilẹ̀ yàrá ìyá rẹ. Olúwa yóò gbé ọ sí ibi tí ọjọ́ orí rẹ tọ́ sí. Bí wọ́n bá sì bi ọ́ pé ta ni ẹlẹ́rìí, sọ fún wọn pé mo wà láàyè, àti pé bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí lónìí, mo ṣe tán láti wá búra.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ajíbóyè Káfíńtà.