Fáànù Tó Ń Yí Sódì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Iṣẹ́ tuntun. Ilé oúnjẹ kan lẹ́yìn ọ́fíìsì alájà mẹ́rin. Ká yọ fáànù àtijọ́ tó ń fa èéfín ààrò jáde lórí òrùlé, ká gbé tuntun síbẹ̀. Obìnrin tó ni ibẹ̀ wo aago lẹ́ẹ̀mẹfà ká tó kí ara wa tán. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Ìyá Àsìkò. Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló fẹ́ ṣílẹ̀kùn. Ó ti pe èèyàn.

Mo ki ọwọ́ bọ inú ihò èéfín. Ọ̀rá mù mí dé ọrùn ọwọ́. Ìyá Àsìkò ní ojoojúmọ́ làwọn ń nù ún. Mo bi í pé níbo. Ó na ọwọ́ sí fìlà irin tó bo ààrò lókè. Lóòótọ́, fìlà ń dán. Wọ́n ń bọ́jú, wọn ò fọ ọ̀fun.

Ọ̀gá ní ká ha gbogbo rẹ̀ kí ohunkóhun tó gòkè. Bí iná bá fi lè tọ́ ọ̀rá inú ihò wò, òun àti òrùlé ló máa jọ lọ.

Ọ̀gá ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí, ọdún kejìdínlógún rèé. Ológbò ni wọ́n ń pè mí, nítorí òrùlé. Ìwé yìí ò lẹ́nu tó máa fi fẹjọ́ mi sùn, síbẹ̀ mi ò lè kọ "ó" fún wọn. "Wọ́n" náà ni.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ha ọ̀rá. Ha ọ̀rá. Jẹun. Ha ọ̀rá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ó ku irin lásán. Àpò mẹ́ta la kó jáde. Ìyá Àsìkò wo àwọn àpò náà, ó wá wò wá bíi pé àwa la gbé wọn wá láti ilé.

Lẹ́yìn ọ̀sán, a dán oríkèé irin wò. A gbé gílóòbù sínú ihò, a fi aṣọ dúdú borí níta — ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ibẹ̀ ni ọ̀rá máa gbà kán sínú àjà lọ́jọ́ kan. Ọ̀gá dúró tì mí.

"Mélòó lo rí?"

Mo ní méjì.

"Ó dáa. Fi iná jó wọn dí."

Tẹ́lẹ̀, ṣe ni wọ́n máa ń tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á fojú ara wọn wò ó. Wọ́n ti wá fọkàn tán mi nìyẹn. Inú mi dùn délé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, kó má di pé mò ń fọ́nnu.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Olóríkunkun gòkè lónìí. Fáànù tuntun ni mò ń pè bẹ́ẹ̀. Ó wúwo ju èmi àti ìyá ọkọ mi pọ̀ lọ, ìyá ọkọ mi kì í sì í ṣe èèyàn kékeré. Okùn mẹ́rin, ní etí mẹ́rin tí wọ́n ṣe sí i lára fún gbígbé. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ di abẹ tó ń yí nínú rẹ̀ mú gbé e. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dúró nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Àsìkò dúró nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kúrò níbẹ̀. Tó bá já, kò ní bi yín láago."

Ó kúrò.

A fi híńjìsì dè é mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a fi ṣéènì sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìyá Àsìkò bèèrè bóyá ilẹ̀kùn ni. Mo ṣàlàyé: ẹni tó bá fẹ́ fọ̀ ọ́ á kàn ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọmọrí ìkòkò, ṣéènì á gbà á dúró, kò ní fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ sinmi lé wáyà. Ó ní, "Ta ló fẹ́ máa fọ̀ ọ́?"

Mo wo Ọ̀gá. Ọ̀gá wo ojú ọ̀run.

Ẹtì, ọjọ́ keje

Ọ̀gá so wáyà. Wọ́n ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnnì fáànù sókè, "kí n mọ̀ bóyá o ṣì mọ̀wé." Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí. Abiyamọ, ọmọ mẹ́ta. Mo kà á, mo fajú ro. Wọ́n ń fọwọ́ pa wáyà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dè é, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ó pẹ́ gan-an. Mi ò bèèrè ìdí, torí inú ṣì ń bí mi.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

A tan án. Olóríkunkun yí, ó ń bú ramúramù. Ìyá Àsìkò tan ààrò mẹ́fà, ó da epo sí páànù. Èéfín gòkè, ó dé abẹ́ fìlà, ó dúró síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì. Nígbà tó sú u, ó padà wá bá wa.

Ọ̀gá ní fèrèsé ni. A ti fèrèsé. Wọ́n ní ká ṣí i. A ṣí i. Wọ́n ní irú epo yìí kì í ṣe epo gidi. Ìyá Àsìkò ń wúkọ́, ó sì ń wo aago, kò lè ṣe méjèèjì pọ̀ dáadáa. Ó ní, "Bàbá, ti àtijọ́ tẹ́ ẹ yọ yẹn, ó máa ń fà á o."

Ọ̀gá kó irinṣẹ́. Mo gbé wọn sílé, mo wa ọkọ̀ lọ sílé wa.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé mo fura pé sódì ni fáànù yẹn ń yí. Tó bá ń yí sódì, ariwo ò ní dín, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á máa jáde, èèyàn á rò pé iṣẹ́ ń lọ. Wáyà méjì péré ló máa gba ipò ara wọn. Ó ní kí n sọ fún Ọ̀gá. Mo ní kí òun náà lọ sọ fún bàbá tirẹ̀ pé wọ́n ń hanrun.

Mo ti pinnu. Lọ́la màá ti débẹ̀ kí wọ́n tó dé. Màá pààrọ̀ wáyà méjì, màá sọ̀ kalẹ̀, màá jókòó bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n á tan án, á fà. Wọ́n á ní, "Mo sọ fún yín, fèrèsé ni." Èéfín á lọ, àpọ́nlé á dúró.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí, mi ò ní bu iyọ̀ sí i.

Aago méje ku díẹ̀ mo débẹ̀. Mo pa súìṣì tó wà lára ògiri nínú ilé ìdáná. Ohun tí Ọ̀gá kọ́ mi ni pé ká fi àgádágodo ti súìṣì pa, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹni tó wà lókè. Àgádágodo wà nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ ò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Mo ní iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mo ya páálí pupa, mo kọ ọ́ gàdàgbà sí i: ÈÈYÀN WÀ LÓKÈ. MÁ TAN ÁN. Mo fi kọ́ súìṣì lọ́rùn.

Bí mo ṣe rò ó ló rí. Mo pààrọ̀ wáyà, mo dè é, mo dé e padà. Ìbọ̀wọ́ mi kan já bọ́ sáàárín abẹ fáànù. Mo ki ọwọ́ wọlé. Ìka mi kàn án, kò tó o mú. Mo fa ọwọ́ jáde láti wá igi gígùn.

Olóríkunkun gbéra.

Ìbọ̀wọ́ náà jáde ní wẹ́wẹ́, bí ìyẹ́ adìyẹ. Mo wo ọwọ́ mi. Márùn-ún. Mo tún un kà. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ó ti ń yí síbi tó yẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo jókòó sórí òrùlé.

Nígbà tí mo sọ̀, Ọ̀gá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ súìṣì. Wọ́n ní, "Àá, Ológbò. Ìwọ lo wà lókè?"

"Ọ̀gá, mo kọ páálí."

"Páálí wo?"

Ó wà níwájú imú wọn. Ó pupa. Lẹ́tà rẹ̀ ga tó ìka ọwọ́. Ó ń mì lára súìṣì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn.

Wọ́n nawọ́, wọ́n fọwọ́ pa á. Wọ́n ní, "Mo rò pé ara páálí tí wọ́n fi dì í wá ni." Wọ́n pa súìṣì. Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ mi wá. Wọ́n ka ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀tún, òsì, bí ẹni ń ka ìka ọmọ tuntun. Wọ́n wá jókòó sórí kèègì epo.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Àsìkò wọlé. Ó bèèrè bóyá a ti ṣe tán.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀gá náà ò pè.

"Kà á sókè kí n gbọ́." "Mélòó lo rí?" "Wáyà yẹn, àwọ̀ wo ni? Ṣé o mọ̀ ọ́n?" Ọdún méjì gbáko. Mo rò pé ìdánwò ni. Èmi ni mò ń ríran fún wọn, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.

Mo bínú sí wọn títí di ọ̀sán. Láti ọ̀sán mo bínú sí ara mi nítorí àgádágodo. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá àwọn ọmọ gbé tíì wá, ó bèèrè ta la wá ń bínú sí báyìí, kí òun lè mọ ibi tí òun máa jókòó sí. Mo ní kó gbé tíì sílẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ọ̀gá ní ká pàdé níbẹ̀. Ìyá Àsìkò tan ààrò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo gbé abala ìwé kan sún mọ́ asẹ́ tó wà nínú fìlà, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Èéfín gòkè, kò bojú wẹ̀yìn.

Ìyá Àsìkò ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Fèrèsé yẹn náà ni, àbí?"

Mo ti la ẹnu láti ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀gá ní, "Kì í ṣe fèrèsé. Èmi ni mo so wáyà sódì. Ojú mi ò ríran mọ́. Òun ló tún un ṣe, díẹ̀ ló kù kí n gé e lọ́wọ́." Ohùn tí wọ́n fi ń bèèrè sípánà náà ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ìyá Àsìkò ò wo aago.

Mo ní èmi náà ò fi àgádágodo sí i. Ọ̀gá ní, "Ìyẹn náà wà ńbẹ̀. A máa débẹ̀."

A dé ibẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó gba gbogbo ọ̀nà. Wọ́n bú mi débi pé ara mi balẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo mú Ọ̀gá lọ sílé ìwòsàn ojú. Ti ọ̀tún, wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ sí i. Ti òsì ti lọ. Dókítà bèèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ní ó lé lọ́dún méjì. Dókítà ní kí ló dé tí wọn ò tètè wá.

Ọ̀gá ní, "Iṣẹ́ ń wọlé."

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ọ̀gá wá sílé wa. Láti ọdún méjìdínlógún, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ìsọmọlórúkọ. Wọn ò gba oúnjẹ. Wọ́n ní kí n mú bírò.

Wọ́n pe orúkọ gbogbo ilé ìdáná tí wọ́n ti fọwọ́ ara wọn so wáyà láti ìgbà tójú wọn ti ń ṣú. Orí ni wọ́n kó o sí. Wọ́n ń pè, mò ń kọ. Mọ́kànlá. Mẹ́ta wà níbẹ̀ tí mi ò gbọ́ rí, tí ẹnikẹ́ni ì bá má mọ̀ láé ká ní wọ́n dákẹ́. Mo bèèrè bóyá ìyẹn ni gbogbo rẹ̀.

Wọ́n bi mí pé àwọn ọmọ dà. Mo ní wọ́n ń ṣeré lẹ́yìnkùlé.

Wọ́n ní, "Kọ ìkejìlá. Ilé ìdáná ilé ìwé wọn. Ìgbà tó o wà lórí àìsàn ni wọ́n pè mí, èmi nìkan ni mo lọ." Lẹ́yìn náà: "Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀."

Mo kọ ọ́. Bírò ò fẹ́ yọ, mo tún un kọ. Bàbá àwọn ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́. Mo rò pé ó máa pariwo. Ó wọlé lọ bu omi wá fún Ọ̀gá, ó sì dúró títí wọ́n fi mu ún tán.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ilé ìwé, kí wọ́n tó dáná. Mo kọ́kọ́ wò ó bó ṣe ń yí. Sódì. Mo pa súìṣì, mo ti àgádágodo, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò, mo gòkè. Ọ̀gá di àkàbà mú nísàlẹ̀.

Ife tó yẹ kó máa gba ọ̀rá ti kún, ó ti ṣàn sórí òrùlé, ó dì bí àbẹ́là. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Ẹ̀ta iná kan péré ló kù kó jó. Yàrá ìkàwé àbíkẹ́yìn mi ló wà lábẹ́ òrùlé kejì. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ka a, b, d. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo ha ọ̀rá títí ọwọ́ mi fi kú.

Alásè ibẹ̀ jẹ́ màmá kúkurú kan, ojú rẹ̀ méjèèjì pọ́n. A ní kó tan ààrò. Èéfín lọ. Ó ń wò ó lọ. Ó ní láti ọdún tó kọjá lòun ti ń kán oògùn sójú, òun rò pé bí ilé ìdáná ṣe ń rí nìyẹn. Tí àwọn ọmọ bá ti bèèrè ohun tó ń pa òun lẹ́kún, òun á ní àlùbọ́sà ni. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá.

"Ẹ ṣé o, Bàbá. Ojú yín ò ní ríbi."

Mo dúró de àmín.

Ọ̀gá ní, "Ìyá, ẹ dá àdúrà yẹn dúró ná. Èyí tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, ó yẹ kójú mi rí i."

Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà títí wọ́n fi sọ ọ́ tán. Ó dìde, ó gbọn aṣọ. Ó fa àga kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó gbé e síwájú wọn. Ó ní òun ò tíì mọ̀ bóyá òun máa dárí jì wọ́n, àmọ́ kí wọ́n jókòó ná.