Orí Ògúndáre ní Ọ̀yọ́

Ilé Àlàmú,
Lẹ́yìn Takie,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Oṣù Keje, ọdún 1988.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ògúndáre ọkọ Àríkẹ́,

Mo kí ọ, mo kí ará ilé rẹ ní Kàdúná. Ṣé eegun ń lọ déédéé? Ṣé oúnjẹ ń wọlé? Tèmi náà ń lọ pẹ̀lú àánú Ọlọ́run. Eyín tó kù lẹ́nu mi ṣì ń bá mi jẹ ẹran, èyí tó lọ kò dágbére. Alihamudulilai.

Kí n tó sọ ohunkóhun, kọ́kọ́ dìde nílẹ̀ kí o yẹ́ mi sí. Ọ̀rẹ́ rẹ ti di oníṣẹ́ ọnà. Iṣẹ́ tí mo fọwọ́ kàn wà nínú gbọ̀ngàn ńlá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ọ̀yọ́, àwọn olùkọ́ onítáì tò yí i ká, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń kọ̀wé. Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ agbẹ́gilére láti ìran baba ńlá rẹ, ta ló ṣe irú rẹ̀ fún ọ rí?

Ó dáa, jẹ́ kí n dín in kù díẹ̀. N kò gbẹ́ nǹkan kan, n kò sì kun nǹkan kan. Ọwọ́ mi kan iṣẹ́ náà lóòótọ́, ibi tó kàn sì já. Má tí ì bínú, ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

O kọ̀wé sí mi pé kí n lọ wo iṣẹ́ tí Ògúnfúnkẹ́ ọmọ rẹ ń fi sìmẹ́ǹtì ṣe, lọ́jọ́ tí wọ́n bá pàtẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ìdánwò. O ní bí kò bá ní láárí, kò gbọ́dọ̀ lo ọdún tó kù fún un níbẹ̀, kí n mú un wálé, kí n fà á lé Marufat aránṣọ lọ́wọ́ ní Ọjà Igbó. Ọ̀rọ̀ rẹ gan-an rèé: “Igi ni ilé wa ń gbẹ́. Sìmẹ́ǹtì, ilé ni wọ́n fi ń kọ́.” Láti ọdún tó kọjá tí o ti sọ ọ́ sí ọmọ náà lójú, ẹ̀yin méjèèjì kò kí ara yín mọ́. N kò tí ì rí ẹni tó jìnnà tó Kàdúná tó tún ń yan odì.

Mo wọ mọ́tò ní Takie láàárọ̀, mo wọ agbádá tí o máa ń jowú. Àwọn àwòrán ni mo kọ́kọ́ bá lára ògiri. Ọ̀kan wà níbẹ̀, pupa lórí búlúù, búlúù lórí pupa. Mo bi ọmọkùnrin tó kùn ún pé ibo lorí rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ìrònú ni.” Mo ní, “Ìrònú ọkùnrin oníyàwó mẹ́ta, àbí?” Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun á fi orúkọ yẹn pè é.

Ìgbà tí mo dé ìdí iṣẹ́ ọmọ rẹ ni mo rí èrò. Orí ènìyàn kan ni, ó tóbi ju orí lọ, wọ́n gbé e ka orí àpótí. Ògúndáre, ìwọ ni. Iwájú orí tó yọ síta bí òrùlé ṣọ́ọ̀bù, ilà abàjà rẹ tí ti apá ọ̀tún gùn ju ti òsì lọ, ètè tó rọ́ sí apá kan bí ti ẹni tí wọ́n bu ẹran kékeré fún. Ọmọ tí kò fojú kàn ọ́ láti ọdún tó kọjá ló ṣe gbogbo rẹ̀, kò wo fọ́tò.

Ìwọ náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, àwọn àgbà kì í fẹ́ kí wọ́n yá ère alààyè, wọ́n ní òkú là ń ṣe é fún. Àníkẹ́ tó ń ta ìkòkò ní Ọjà Igbó, tí ọmọ tirẹ̀ náà wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, rí i, ó káwọ́ lérí: “Yéè! Ògúndáre ti lọ! Wọn ò sì túfọ̀ fún wa!” Ó di ọmọ rẹ mọ́ra, ó ń kí i kú àṣẹ̀yìndè. Ọmọ ní, “Ìyá, bàbá mi wà láàyè.” Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ fún ọmọdé.” Mo ní, “Àníkẹ́, kò kú o. Agídí ni kò jẹ́ kó wá.” Ó yíjú sí mi pẹ̀lú omi lójú, ó ní, “Bàbá Àlàmú, ẹ̀yin náà ẹ jókòó kí wọ́n tètè yá tiyín.” Nítorí náà, bí ìròyìn ikú rẹ bá ṣáájú ìwé yìí dé Kàdúná, má bá wọn sunkún.

Ojú gbogbo ènìyàn ṣì wà lára Àníkẹ́ nígbà tí mo súnmọ́ orí náà. Ìwọ lo sọ fún mi pé agbẹ́gilére kì í fi ojú nìkan dájọ́, pé ẹ máa ń di ojú ni, tí ẹ ó fi ọwọ́ pa iṣẹ́ lára láti iwájú dé ìpàkọ́. Mo di ojú, mo na ọwọ́ láti dán an wò. Etí òsì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Àṣé àárọ̀ ọjọ́ náà ni Ògúnfúnkẹ́ tún etí ọ̀hún ṣe torí pé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò tí ì le. Àwọn olùkọ́ kò sì tí ì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Gbogbo ojú kúrò lára Àníkẹ́, wọ́n bọ́ sára etí tó wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ rẹ kò sunkún. Ó gba etí lọ́wọ́ mi, ó po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sínú ìdérí agolo, ó fi ìka lẹ̀ ẹ́ padà, ó ká ètè wọnú bí o ṣe máa ń ṣe bí ọ̀bẹ bá ń lọ lára igi. Ibi tó lẹ̀ náà dúdú yí etí ká bí ẹni tó lé tìróò. Ọ̀gbẹ́ni Adébáyọ̀, olórí olùkọ́ wọn, dé, ó wò ó pẹ́, ó béèrè ohun tó ṣe etí. Ọmọ náà ì bá di ẹ̀bi rù mí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ó ní, “Kò tí ì le ni, sà. Èmi ni mo pẹ́ ṣe é.” Wọ́n yọ díẹ̀ nínú máàkì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yege.

Ọmọ rẹ sìn mí dé ibi mọ́tò. Ó ní, “Bàbá, kí lẹ ó sọ fún bàbá mi?” Mo ní, “Màá ní etí rẹ̀ kò gbọ́ràn, la fi já a.” Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tèmi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá ní kí n wálé, màá wálé.” Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó padà.

Ògúndáre, mi ò mú un wálé. Abẹ́rẹ́ Marufat á rí ọwọ́ mìíràn tí yóò tì í. Igi ń tán nínú igbó, ọwọ́ ilé yín kò tí ì tán. Jẹ́ kí ọmọ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ kọ̀wé sí i.

Kí Ọlọ́run dá ọ sí fún wa, kí ojú rẹ rí èyí tí ọmọ rẹ yóò tún ṣe. Kí Àríkẹ́ máa rí ẹni bá jà títí ọjọ́ alẹ́. Kí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ má hu koríko mọ́ ọ lójú.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí o kò lè rí tà,
Àlàmú.

Àfikún: Irọ́ kan wà lókè, lórí ọ̀rọ̀ etí yẹn. N kò di ojú, n kò sì dán iṣẹ́ kankan wò. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo ní, “Ògúndáre, o wálé, o ò sì yà kí mi?” Kò dá mi lóhùn. Mo bá fà ọ́ létí, bí mo ṣe máa ń ṣe láti kékeré wa. Ó ti já kí n tó rántí pé sìmẹ́ǹtì ni.