Súfèé Tí Wọ́n Ní Kí N Má Sú Mọ́

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Fákúnlé,
Òṣòdì, Èkó.
16 Oṣù Kọkànlá, 1975.

Ìsíátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá wa ti san? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a gbọ́ búburú ara wa. Ara tèmi le koko.

Wò ó, mo ti kó kúrò ní Ìsọlọ̀. Súfèé ló lé mi. Mò ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé láàárọ̀ Sátidé, mò ń súfèé jẹ́jẹ́ mi, ni Bàbá Mùktárù, onílé wa, bá yọ sí mi pé obìnrin kì í súfèé, pé súfèé mi ló pa ewúrẹ́ òun. Ewúrẹ́ tó lọ jẹ láílọ́ọ̀nù lákìtàn ni o. Ó ní kí n jáwọ́ tàbí kí n kó jáde. Gbogbo ayálégbé ní kí n bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí i, torí wọ́n kọ́ mi nílé, ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè, ọ̀gá wa níléeṣẹ́ aṣọ, ti sọ fún wa rí pé wísù ni òyìnbó ń pe súfèé ẹnu. Wísù náà ni ohun tí rẹfirí ń fọn, wísù náà ni igbe rélùwéè. Ó ní ìró èémí tó ń gba ẹnu jáde ni àwọn baba wọn fara wé tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ṣé kì í ṣe bí fèé tó wà nínú súfèé tiwa náà nìyẹn? Mo wá wí fún Bàbá Mùktárù pé iléeṣẹ́ ń fọn wísù pè wá síṣẹ́, rélùwéè ń fọn tirẹ̀ l'Óṣòdì, ẹnìkan ò lé wọn, ẹnu tèmi nìkan ló wá ń pa ewúrẹ́? Ó ní rélùwéè kì í ṣe obìnrin.

Ni mo bá di ẹrù mi. Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò lè fi súfèé sílẹ̀. Súfèé ni bàbá mi kọ́ wa láti máa fi pe oríkì ara wa láti oko dé oko, tí wàá sì dá mi lóhùn láti òdìkejì odò. Ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ lára bàbá mi nìyẹn. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Yàrá sì pọ̀ l'Ékòó.

Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, Bàbá Mùktárù kọ̀, kò jáde kí n dágbére fún un. Ìyá rẹ̀ arúgbó ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun nìkan ló ń pè é ní Àkànbí nínú ilé yẹn. Mo gbé ẹrù kalẹ̀ lẹ́nu géètì, mo fi súfèé pe Àkànbí, gẹ́lẹ́ bí ohùn ìyá náà ṣe máa ń lọ tó bá ń pè é.

"Ìyá mi, mò ń bọ̀ o," ló dáhùn láti inú yàrá, ó sáré jáde.

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo pè ọ́. Sàfúrátù ni."

Mo kúnlẹ̀ kí ìyá, mo gbé ẹrù mi, mo bá tèmi lọ.

Bá mi kí ìyá wa àti gbogbo ará ilé. Tí o bá sọ̀kalẹ̀ l'Óṣòdì, má wulẹ̀ béèrè ilé mi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Sáà súfèé. Màá dáhùn.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí wọn ò rí ẹnu rẹ̀ dí,
Sàfúrátù.